Oòrùn Tó Ń Ṣòfò Lórí Òrùlé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní Ìbàfò, tí ẹ máa ń bèèrè pé, "Alhaja, ṣé iṣẹ́ sólà ṣe é kọ́?", ẹ̀rín ni mo ti ń fi dá yín lóhùn. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe rí. Èmi Sidikátù, ọmọ Ìfọ̀, tí wọ́n ń pè ní Màmá Oníná láti Mowe títí dé Ọ̀fàdà, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, bó bá sì ti di ìrọ̀lẹ́, ojú mi kì í mọ wáyà pupa yàtọ̀ sí dúdú mọ́. Ohun tí mo fi ogójì ọdún ó lé ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: mo ń wá ibi tí iná ń gbà sọnù. N kò rí gbogbo ihò náà dí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé èmi gan-an ni mo lu ú.

Bàbá mi fẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n rà fún mi kò pé oṣù mẹ́ta tí mo fi tú u palẹ̀, mo fẹ́ wo ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ni ìyá mi bá fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì, oníná tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rélùwéè ní Ìfọ̀. Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Obìnrin? Ṣé yóò lè gun àkàbà?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ̀gbọ́n. Bó bá jókòó sílé, gbogbo ilé ló máa tú."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ ṣáájú mi, Ràsákì ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé àkàbà lé èjìká láìjẹ́ pé ó gbá ènìyàn lójú.

Odidi ọdún kan gbáko ni Ọ̀gá kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan iná. Wáyà méjì ló máa ń kó lé mi lọ́wọ́ pé kí n so pọ̀. N ó lọ́ wọn, n ó wé téèpù mọ́ ọn. Ọ̀gá á wá tan sítóòfù àti áyọ́ọ̀nù méjì sórí ìsopọ̀ kan ṣoṣo yẹn, á jókòó, á máa jẹ obì. Tó bá yá, á pa iná, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú ibi tí mo so.

"Kí ló gbóná níbí?"

"Iná ni, Ọ̀gá."

"Ta ló sanwó iná náà?"

"Oníbàárà ni."

"Ṣé ooru ni oníbàárà ní kó o bá òun rà?"

Á mú ẹ̀mú, á gé e dànù. Mo tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo sunkún títí omi ojú mi gbẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìsopọ̀ mi tó tutù bí omi àmù, ó bu obì rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní abọ̀. Bí ayé ṣe kó iyì bá mi tó, n kò tíì rí èyí tó dùn tó abọ̀ obì yẹn.

Ọjọ́ kan, a lọ so iná fún ẹlẹ́rọ gaàrí kan ní Pakoto. Èmi ni mo wọn wáyà, mo sì ṣì í mú: mo mú èyí tó tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí Ọ̀gá dé, ó fọwọ́ kan wáyà náà, ó gbóná. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Wáyà tó tín-ín-rín, olè ni! Ojú ọ̀sán gangan ló ń jalè, kò sì sí ọlọ́pàá tó máa mú un. Ta ló ṣe eléyìí?"

Ràsákì ní, "Èmi ni, Ọ̀gá."

Ọ̀gá ní kó tú gbogbo rẹ̀, kó kó o lé orí, kó sì fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìfọ̀. Mo rìn tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, mo bi í pé kí ló dé tó fi gbà pé òun ni. Ó ní, "Ìwọ, á lé ọ. Èmi, á kàn pariwo lé mi lórí ni." Kò sọ ọ́ mọ́ láéláé.

Lẹ́yìn tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Ọ̀gá, àwọn oníná ìjọba gba Ràsákì síṣẹ́, ó di ẹni tó ń gun òpó. Èmi kó lọ sí Ìbàfò, nítorí àwọn ará Èkó ti ń ya wá ra ilẹ̀ lẹ́bàá títì márosẹ̀, ilé tuntun sì ń yọ bí olú. N kò ní fi ọ̀rọ̀ owó dá yín dúró. Mo jẹun, mo tọ́mọ.

Irin-iṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Nígbà Ọ̀gá Làmídì, ẹ̀yìn ọwọ́ ni mítà wa. Lẹ́yìn náà, mítà alábẹ́rẹ́ dé. Èyí tó ń gbé nọ́ńbà jáde tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ń la ẹnu bí alákàn tó máa ń gbá wáyà mọ́ra. Ní ìkẹyìn, fóònù ni. O kàn máa dúró nísàlẹ̀, wàá máa rí iṣẹ́ tí pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, pátákó tó ń gba oòrùn, ń ṣe lórí òrùlé. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ìlọsíwájú nìyẹn. Bí irin-iṣẹ́ ṣe ń gbọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń fi àdánù hàn mí kedere sí i. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá mi dí ihò kankan.

Sólà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, bátìrì ni wọ́n ń so mọ́ ọn, bátìrì náà kì í sì í pẹ́ kú. Nígbà tó yá, wọ́n kó irú mìíràn dé tí kò nílò bátìrì. Ṣe ni wọ́n ń so ó pọ̀ mọ́ iná ìjọba. Lọ́sàn-án, oòrùn á máa gbé ilé. Ohun tí oòrùn kò bá lè gbé, iná ìjọba á gbé e. Ínfátà rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ iná oòrùn di iná ilé, máa ń wo bí iná ìjọba ṣe ń mí, á sì bá a mí pọ̀, bí ẹni méjì tó jọ ń gún odó kan. Ṣùgbọ́n bí iná ìjọba bá lọ, òun náà á kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àwọn tó ń gun òpó. Bí kò bá kú, iná láti orí òrùlé lè gba inú wáyà padà jáde sí títì, kó sì pa ẹni tó gbà pé kò síná.

Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo rò pé a ti rí iná tí kò lólè. Mo polówó rẹ̀ káàkiri.

Bàbá kan ní Ọ̀fàdà tó ń fi ẹ̀rọ bó ìrẹsì ló kọ́kọ́ ṣí mi lójú. Oṣù méjì lẹ́yìn tí mo so tirẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó mú mi dúró sí àgbàlá lọ́sàn-án gangan.

"Alhaja, ẹ wòkè."

Oòrùn ń ta bí ẹni tí inú ń bí.

"Ẹ wá wo inú ilé."

Ẹ̀rọ dákẹ́ lọ gbári. Eruku ìyàngbò ti bò ó.

"Bílẹ̀ bá ti mọ́ ni wọ́n ń mú iná lọ. Bí oòrùn bá wọ̀ tán ni wọ́n ń mú un dé. Àwọn méjèèjì tẹ́ ẹ ní wọ́n á jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀ yìí, wọn ò tíì fojú kanra rí."



Níbi tí iná ìjọba ti ń wà lọ́sàn-án pàápàá, ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń rí. Mo ń gun òrùlé kiri pẹ̀lú mítà mi. Eruku tírélà ti di ẹ̀kọ tútù sójú pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀ka máńgòrò kan á na òjìji sórí ẹyọ kan, gbogbo ìyókù á sì rẹ̀wẹ̀sì pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹni mẹ́wàá tí wọ́n so ẹsẹ̀ wọn pọ̀ tí ọ̀kan sì ń tiro. Àwọn ènìyàn rò pé bí oòrùn bá ṣe mú tó ni iná ṣe máa pọ̀ tó. Irọ́ ni, bí pánẹ́ẹ̀lì bá gbóná jù, ọ̀lẹ ló ń dà. Ìyá kan ní Ajuwon kó ínfátà sínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Òmíràn fa wáyà tín-ín-rín láti òrùlé títí dé ẹ̀yìnkùlé. Bí iná ìjọba bá sì dé, ó lè lágbára jù tàbí kó rẹlẹ̀ jù, ínfátà á ní òun kò bá irú èyí rìn. Mo máa ń ṣírò ọ̀nà tí oòrùn gbà wọlé: eruku á mú tirẹ̀, òjìji á mú tirẹ̀, ooru á mú tirẹ̀, wáyà á mú tirẹ̀, ínfátà fúnra rẹ̀ á mú tirẹ̀. Kó tó dé ìdí fáànù, ó ti dà bí ẹran iléyá tí gbogbo àdúgbò ti bù, egungun ló kù fún onílé.

Ibi tí mo ti kúkú fẹ́ dé nìyí.

Obìnrin kan wà ní Mowe tí wọ́n ń pè ní Mọ́mì Nọ́ọ̀sì. Ó ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìwòsàn ìjọba, ó wá ṣí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan. Èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn pé kó má ra bátìrì, pé kó so sólà rẹ̀ mọ́ iná ìjọba. Kò pé ọdún kan, iná ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fúnni ní atẹ́gùn sí i nímú. Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò tàn. Kí wọ́n tó rí ẹni tó máa tún un ṣe, ọmọ ti kú.

Nígbà tí mo dé, Mọ́mì Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ó mú mi jáde, ó nàka sókè.

"Màmá Oníná, gbogbo oòrùn yìí ló wà lórí ilé mi. Ọmọ kan kú lábẹ́ rẹ̀."

Mo ṣàlàyé fún un ìdí tí ẹ̀rọ náà fi ń kú bí iná ìjọba bá lọ.

"Ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Mo mọ ohun tí a lè ṣe sí i. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé kò dára. Ínfátà kékeré kan, tó ní bátìrì kan péré, lè tan ínfátà ńlá ti sólà náà jẹ, kó rò pé iná ìjọba ti dé, á sì jí. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já ilé kúrò lára òpó. Bọ́tìnnì ńlá kan wà tó ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀, tí kò jẹ́ kí méjèèjì pàdé láéláé. N kò rí ìwọ̀n rẹ̀ rà ní Mowe, Èkó nìkan ló wà. Mo ní kí wọ́n máa yọ fíúsì ńlá ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó tan ínfátà kékeré. Mo fi máákà kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà. Mo ní n ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì yẹn. Ààwẹ̀ dé. Òjò dé. Iṣẹ́ mìíràn dé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; èmi wò ó títí ó fi dàgbà.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni. Wáyà tó wọ ilé ìgbẹ̀bí náà ti jó lórí òpó, wọ́n sì ti ń bẹ àwọn oníná láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo wà ní Ìbàfò nígbà tí Mọ́mì Nọ́ọ̀sì pè mí. "Ẹ máa bọ̀ o. Ọkùnrin kan ṣubú látorí òpó." Ọ̀kadà ni mo gùn.

Èrò ti pé jọ. Àkàbà ṣì fara ti òpó. Ọkùnrin náà wà nínú gọ́tà oníkọnkéré, wọ́n ń wá mọ́tò tó máa gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti dúdú. Mo tẹ̀ síwájú, mo wo ojú rẹ̀. Ràsákì ni.

Ó mọ̀ mí. "Sídí," ló wí, "mo dán an wò. Mo dán an wò dáadáa. Ó ti kú."

Òótọ́ ló sọ. Ó ti dán wáyà wò, kò síná nínú rẹ̀. Àárín ìgbà tó dì í mú ni nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ tan ínfátà kékeré nínú ilé láìyọ fíúsì. Kò ka ohun tó wà lára ògiri. Aboyún kò sí nínú ilé lọ́jọ́ náà. Ọmọ ìkókó kò sí. Ooru ló mú nọ́ọ̀sì náà, ó fẹ́ fáànù, fóònù rẹ̀ sì ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. N kò tẹ̀ lé mọ́tò tó gbé Ràsákì lọ. Inú ilé ni mo wọ̀. Mo tú ínfátà kékeré yẹn kúrò lára ògiri, mo fi ìborùn mi wé e, mo sì fi omi àti kànrìnkàn nu ohun tí mo kọ. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Nígbà tí àwọn oníná wá ṣèwádìí, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ládùúgbò ló máa jẹ́. Èmi náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún Ràsákì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti dá, kò rìn mọ́. Wọ́n gbé e padà sí Ìfọ̀, sí yàrá kan nínú ilé bàbá rẹ̀, Mulikátù ìyàwó rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì ti ilé ìgbẹ̀bí náà pa, ó kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Pánẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé náà títí dòní. Mo máa ń kọjá níbẹ̀. Oòrùn ń ta sí wọn, kò sí ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Oṣù márùn-ún ni mo fi ń lọ kí Ràsákì tí mo ń gbé oúnjẹ lọ bí ènìyàn rere. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tó ogún ọdún tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ní kí Mulikátù jọ̀wọ́ bá mi ra omi wá. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Ràsákì, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọmọ tó kú nígbà tí iná lọ, ẹ̀bẹ̀ Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, ínfátà kékeré, bọ́tìnnì tí n kò rà, ìborùn mi. Kò dá mi lẹ́nu kò títí mo fi parí. Ó kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń họ ilẹ̀ níta. Mo ti múra sílẹ̀ fún èpè. Èpè ni mo bá lọ.

Ó yíjú padà sí mi. "Torí ọmọ ìkókó ni wọ́n ṣe tan án lọ́jọ́ yẹn?"

N kò fọhùn.

"Ṣé ọmọ yẹn yè?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo rí i pé ohun kan ṣoṣo tó kù fún un láti dì mú nìyẹn. Mo ní, "Ó yè."

Ó mí kanlẹ̀. "Alhamdulillahi. A jẹ́ pé kò já sófo."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tí mo dé tí kì í bèèrè rẹ̀. Ó ní kí lorúkọ rẹ̀, orúkọ tó wá sí mi lẹ́nu ni Ayọ̀mídé. Ó ní ṣé obìnrin ni, mo ní obìnrin ni. Ó ń rákòrò, ó ń rìn, ó hu eyín. Èmi ni mo ń hu ú fún un. Ràsákì á sọ fún àwọn tó bá wá kí i pé, "Ọmọ kan wà ní Mowe tó ń mí lónìí." Mulikátù á sì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ṣì ń wá bá mi, ṣùgbọ́n n kò lè wo ẹni kankan lórí àkàbà mọ́. Mo kó ẹ̀mú àti mítà mi fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, mo jókòó sílé.

Ọdún mẹ́fà ni Ràsákì lò lórí ibùsùn yẹn kó tó kú, lẹ́yìn òjò èṣí. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ fún yín báyìí. Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, ó ti gbẹ, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ó ṣẹ́jú sí Mulikátù, ìyẹn sì gbé báàgì ilé ìwé kékeré kan jáde láti abẹ́ ibùsùn, aláwọ̀ ewé, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

"Ó yẹ kó ti wọ ilé ìwé," ni Ràsákì wí. "Bá mi fún un."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo dìde, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, ó tún pè mí padà.

"Sídí."

"Mo wà níbí."

"Sọ fún un pé kó má máa ṣeré lábẹ́ òpó iná o."

Mo ní n ó sọ fún un.